Ta Ni Ó Kọ́ Ènìyàn Lọ́gbọ́n?

Bí a bá bi àwọn àgbà ilẹ̀ wa léèrè pé níbo ni ọgbọ́n ti wá, wọn a ní ọgbọ́n kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ìdáhùn mìíràn ti ń tàn kálẹ̀ nínú ìwé àti nínú sinimá àwọn òyìnbó. Ìdáhùn náà ni pé ènìyàn kò dá ọgbọ́n ara rẹ̀ ní. Pé àwọn ẹ̀dá kan tí òye wọn ju ti ènìyàn lọ, tí wọ́n ń gbé ní ayé mìíràn láàárín àwọn ìràwọ̀, ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá, tí wọ́n ṣí àwọn baba ńlá wa lójú inú, tí wọ́n sì ń darí ìran wa láti ìgbà náà bí darandaran ṣe ń da agbo ẹran.

Olùkọ́ èdè Faransé ni mí, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Kétu. Ìdí méjì ni ó mú mi kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wo irú àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ń gbé e wá sí kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè nígbà tí a ń ka ìwé mìíràn, ó ní: “Monsieur, ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará ojú sánmà ni wọ́n kọ́ àwọn baba wa ní iṣẹ́ ọnà?” Àwọn yòókù kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró de ìdáhùn. Ìdí kejì kàn mí fúnra mi: iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn wọ̀nyí ń ṣe, ìyẹn ni kí a mú ẹlòmíràn kúrò níbi tí ó wà lọ síbi tí kò mọ̀, iṣẹ́ tèmi náà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó dára àti ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ olùkọ́ lè rí púpọ̀ kọ́ nínú wọn.

Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ìtàn yìí múlẹ̀ jù lọ ni Arthur C. Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Sri Lanka. Ní ọdún 1948, ó kọ ìtàn kékeré kan tí ó pè ní “The Sentinel”, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1951. Nínú rẹ̀, àwọn tí ó lọ wo òṣùpá rí nǹkan kan lórí òkè níbẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Àwọn ẹ̀dá kan ni wọ́n gbé e síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ó lè máa ránṣẹ́ sí wọn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń so agolo mọ́ okùn yí oko rẹ̀ ká kí ó lè mọ̀ bí ẹran bá ti wọlé. Ọjọ́ tí ènìyàn bá gbọ́n tó láti dé inú òṣùpá, tí ó sì fọwọ́ kan nǹkan náà, ni ẹni tí ó so agolo yóò gbọ́.

Láti inú ìtàn kékeré yìí ni Clarke àti Stanley Kubrick ti yọ sinimá ńlá tí ó jáde ní ọdún 1968, *2001 : l’Odyssée de l’espace*. Clarke sì kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 3 sẹ́yìn. Ọ̀dá dá. Àwọn ẹ̀dá tí ó dà bí ìnàkí ń jẹ ewé àti èso, ebi sì ń pa wọ́n kú lọ láìmọ̀ pé ẹran tí ó yí wọn ká ṣeé jẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jí bá òkúta gbọọrọ kan tí ó dúró láàárín wọn. Nínú sinimá, dúdú ni. Ìwé náà sọ fún wa pé ìnípọn, ìbú àti gíga òkúta yìí jẹ́ 1, 4 àti 9, ìyẹn ni pé bí a bá sọ 1, 2 àti 3 di ìlọ́po ara wọn, òun ni a ó rí. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ mọ ìṣirò. Òkúta náà wọ inú ọpọlọ àwọn ìnàkí náà. Ọ̀kan nínú wọn gbé egungun, ó rí i pé ó ṣeé fi pa ẹran. Láìpẹ́ ó fi egungun kan náà pa olórí ẹgbẹ́ kejì ní etí omi. Báyìí ni ènìyàn ṣe di ènìyàn.

Mo fẹ́ràn sinimá yìí. N kò mọ iṣẹ́ ọnà mìíràn tí ó fi ọjọ́ orí ayé hàn wá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi í han àwọn ọmọ, mo máa ń dá a dúró níbi egungun náà, kí a bi ara wa ní ìbéèrè méjì. Èkíní: kí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ ńlá yìí kọ́ wa? Pípa ni. Èkejì: kí ni àwa tìkára wa mú wá síbi ẹ̀kọ́ náà? Kò sí nǹkan kan. A wà níbẹ̀ bí amọ̀ ṣe wà lọ́wọ́ amọ̀kòkò.

Àwọn tí ń wa ilẹ̀ Áfíríkà kò rí ohun tí ó jọ èyí. Èrò pé apànìyàn ni baba ńlá wa ti ọ̀dọ̀ Raymond Dart wá, onímọ̀ kan ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tí ó ṣàyẹ̀wò agbárí ọmọ kékeré tí a rí ní Taung ní ọdún 1924. Dart rí egungun púpọ̀ nínú ihò àpáta, ó ní ohun ìjà ni wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni C. K. Brain fi sùúrù tún egungun wọ̀nyẹn yẹ̀ wò, ó sì fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1981 pé ẹkùn àti ìkookò ni wọ́n kó wọn jọ. Baba ńlá wa kì í ṣe ọdẹ nínú ihò wọ̀nyẹn. Òun ni wọ́n ń dọdẹ rẹ̀. Ní ti irinṣẹ́, àwọn òkúta tí a là láti fi ṣiṣẹ́, tí a rí ní Lomekwi lẹ́bàá adágún Turkana ní Kẹ́ńyà, tí a sì kéde ní ọdún 2015, ti pé mílíọ̀nù ọdún 3,3. Kò sí òkúta dúdú kankan níbẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn òkúta tí a gbá mọ́ra wọn, èyí tí ó là dáadáa àti èyí tí kò là dáadáa, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ọdún 2001 tí Clarke fi ṣe orúkọ ìtàn rẹ̀ dé ní tòótọ́. Ènìyàn kò tí ì dé ọ̀dọ̀ Júpítà. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà tí ó yẹ kí ọmọ Benin kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ní oṣù keje, nínú aṣálẹ̀ Djurab ní ilẹ̀ Chad, ọmọ ilẹ̀ náà kan, Ahounta Djimdoumalbaye, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ aṣèwádìí ti Michel Brunet, rí agbárí kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún 7. Wọ́n pè é ní Toumaï. Ní èdè àwọn Gorane, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí a bí nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrètí ìyè. Nǹkan kejì, ma padà sí i níwájú.

Báwo wá ni ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, bí kò bá sí ẹni tí ń darí rẹ̀? Ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní àpẹẹrẹ kan tí n kò rí èyí tí ó jù ú lọ, nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ó wà. Àìsàn kan ń bẹ tí àwọn Faransé ń pè ní drépanocytose, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó bá gba àmì S láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ AS, ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà líle tí ń pa ọmọdé. Ẹni tí ó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, tí ó jẹ́ SS, ni àìsàn náà ń bá jà. Bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí lè jẹ́ SS ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí pé ẹ̀fọn pọ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ AS ń yè ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń bímọ, àmì S sì ń pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ fi orúkọ ilẹ̀ wa pe ọ̀kan nínú oríṣi àmì náà: oríṣi Bénin.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ààbò wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Mo ti ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ìrora egungun ń lé kúrò ní kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó máa ń padà wá pẹ̀lú ojú pípọ́n, tí ó sì ń béèrè ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi dà á kọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n kan jókòó sí ibì kan tí ó ń darí ọ̀rọ̀ yìí, a jẹ́ pé ìkà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀fọn, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran ni. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní jókòó máa retí ẹnìkan láti ojú sánmà. Yóò lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó gbéyàwó.

Ní ọdún 1968 kan náà tí sinimá Kubrick jáde, ará Switzerland kan, Erich von Däniken, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Jámánì. Ohun tí Clarke sọ gẹ́gẹ́ bí àlọ́, von Däniken sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òótọ́: ó ní àwọn àlejò láti ojú sánmà ni wọ́n wà lẹ́yìn àwọn iṣẹ́ ńlá ayé àtijọ́, títí kan ti Íjíbítì àti ti Amẹ́ríkà Gúúsù. Ìwé náà tà káàkiri ayé. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni fídíò tí àwọn ọmọ wa ń wò ti wá. Ẹ jẹ́ kí a sì kíyè sí i: ó ṣọ̀wọ́n kí irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ sọ pé àlejò láti ojú sánmà ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Reims. Àwọn Faransé ni wọ́n kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ó ń jiyàn rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tí awọ ara wọn dúdú tàbí tí ó pọ́n ni wọ́n sábà máa ń wá olówó ọwọ́ mìíràn fún.

Àwa Yorùbá ti rí irú èyí rí, kí a tó máa sọ̀rọ̀ nípa ará ìràwọ̀ rárá. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí tí a fi amọ̀ mọ, ó sì rí orí idẹ tí a ń pè ní ti Olókun. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn nínú débi pé kò lè gbà pé baba àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ó ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú àwọn Gíríìkì tí omi òkun gbé mì. Ọdún 28 lẹ́yìn náà, ní 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wú àwọn orí idẹ mìíràn jáde. Lónìí gbogbo onímọ̀ gbà pé àwọn ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n rọ wọ́n, láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. A tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é: wọn a kọ́kọ́ fi ìda ya orí náà, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yáná sí i kí ìda lè yọ́ jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí a bá fi ará ojú sánmà rọ́pò ará Atlantis, aṣọ ni a pààrọ̀. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò yí padà.

Nítorí náà ìdáhùn mi sí ọmọ tí ó nawọ́ sókè ṣe ṣókí: Rárá o. Wọ́n kọ́ ọ fúnra wọn, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ó kù ohun tí n kò lè dáhùn ní ṣókí bẹ́ẹ̀, ìwé Clarke mìíràn ni ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

Ọdún 1953 ni ó kọ ọ́. Ní èdè Faransé, *Les Enfants d’Icare* ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ ńláńlá dé láti ojú sánmà, wọ́n sì dúró pa sí òkè àwọn ìlú ńlá ayé. Àwọn tí ó wà nínú wọn kò jagun. Karellen, tí ó jẹ́ alákòóso wọn, ń bá olórí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ láìfi ojú rẹ̀ hàn. Wọ́n fòpin sí ogun, wọ́n fòpin sí ebi. Wọ́n tilẹ̀ mú kí àwọn tí ń wo ìjà màlúù ní Spain máa jẹ̀rora tí màlúù ń jẹ. Lẹ́yìn 50 ọdún ni wọ́n tó jáde síta, tí aráyé rí i pé wọ́n ní ìwo, ìyẹ́ apá àti ìrù bí Èṣù tí àwọn oníwàásù òyìnbó ń yà. Nígbà náà, aráyé ti fẹ́ràn wọn jù láti sá. Ayé dẹrùn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń dá nǹkan tuntun ṣe mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n ń lá àlá àwọn ayé tí kò sí ẹni tí ó dé ibẹ̀ rí. Wọn kò dáhùn mọ́ bí ìyá wọn bá pè wọ́n. Wọ́n ti ń di ara òye ńlá kan tí ó tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe rán Karellen àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá sílé ayé. A sì wá mọ ohun tí ó ń dun Karellen: agbẹ̀bí tí kò lè bímọ ni òun àti ìran rẹ̀. Wọ́n gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí fún wọn. Wọ́n ń mú àwọn ẹlòmíràn dé ẹnu ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn kò lè gbà kọjá. Ẹni ìkẹyìn tí ó wà láyé, Jan Rodricks, aláwọ̀ dúdú, ni ó dúró ròyìn òpin ayé fún wọn.

Kò sí olùkọ́ tí yóò ka ìwé yìí tí ara rẹ̀ kò ní tutù. Ohun tí ó dára nínú iṣẹ́ wa wà nínú Karellen: olùkọ́ rere ń fẹ́ kí ọmọ ré òun kọjá. Èmi tí n kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí, mo ti kọ́ ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lónìí. Inú mi dùn sí i, n kò sì jowú.

Ṣùgbọ́n mo tún ń ro ti àwọn ìyá tí ọmọ kò dá lóhùn mọ́. Ní ìpàdé òbí kan, obìnrin kan tí ń ta àkàsà ní ọjà dúró dè mí títí gbogbo èèyàn fi lọ. Ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó mókè jù ní kíláàsì mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo gbé e dìde, ó ní: “Ẹ ṣé o, tíṣà. Ọmọ mi mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí, ó ní mi ò lè yé e. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ibi tí ẹ ń mú un lọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa bojú wẹ̀yìn.”

Kò bú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju èébú lọ. Láyé àwọn Faransé, nínú ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣàkóso, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fi nǹkan kan kọ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní symbole. Yóò máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ èdè náà lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó tó lè gbé e fún un. Bí a ṣe fi àwọn ọmọdé ṣe amí ara wọn nìyẹn. A ti mú nǹkan náà kúrò lọ́rùn. Ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ó ti kúrò lọ́kàn. Nígbà tí ọmọ ìyá alákàsà sọ pé ìyá òun kò lè lóye, kì í ṣe ìṣòro ìṣirò tàbí ti Molière ni ó ń sọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìmọ̀ wà lókè, ìyá òun sì wà nísàlẹ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó sọ̀kalẹ̀ láti ojú sánmà, tí kò kí ará ilé, tí ó gbé ọmọ lọ.

Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó rí apá yìí nínú ọ̀rọ̀ náà kedere ju Clarke lọ. Nínú *Dawn* tí ó tẹ̀ jáde ní 1987, ogun átọ́míìkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ayé run. Àwọn ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Oankali kó àwọn tí ó ṣẹ́kù, wọ́n wò wọ́n sàn, àní kúrò nínú àrùn jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n dí ìbímọ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bímọ yóò bá wọn bí i, ọmọ náà yóò sì jẹ́ àdàlù ìran méjèèjì. Obìnrin tí wọ́n fi ṣe alárinà ń jẹ́ Lilith Iyapo. Ọmọkùnrin tí ìwé kejì, *Adulthood Rites*, ti 1988 dá lé lórí ń jẹ́ Akin. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ orúkọ méjèèjì kí ó má dúró. Akin jẹ́ àdàlù, àwọn ènìyàn tí ó kọ Oankali sílẹ̀ jí i gbé nígbà tí ó kéré, ó gbé láàárín wọn, ó mọ ẹkún wọn. Nígbà tí ó dàgbà, òun ni ó lọ bá àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyẹn pé kí wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ayé tiwọn, ní Mars, kí wọ́n lè tún máa bí ọmọ tiwọn, bí wọn ìbáà tilẹ̀ ṣi ọgbọ́n wọn lò. Akin ni ní tòótọ́: ó kọ́ àwọn olùkọ́.

Ìbéèrè Butler ni èyí: ẹni tí ó gbọ́n jù mí, tí ó fẹ́ ire fún mi, ṣé ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu mi kí ó tó ṣe é? Mo rò pé àwọn baba wa ti ní èsì. Àwọn náà ní ìtàn ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láti òkè, àní pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀: Ọbàtálá mu ẹmu, ó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. A kò bọ ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní kí ènìyàn tó wáyé, ó kúnlẹ̀, ó sì yan orí tirẹ̀. Àkúnlẹ̀yàn ni a ń pè é. Ọlọ́run wà níbẹ̀, Àjàlá tí ń mọ orí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń bọ̀ wáyé ni ó gbé orí náà. Nínú ìtàn òkúta dúdú, kò sí ẹni tí ó yàn.

Nǹkan kejì tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2001 nìyí. Ní oṣù karùn-ún, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àwọn àgbà ní a ti Kétu tàn kálẹ̀, mọ́ àwọn ogún ńlá aráyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ń tọ́ ènìyàn sọ́nà. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, yóò júbà àwọn ìyá wa, yóò sì fi ẹ̀fẹ̀ bá olè, òpùrọ́ àti olóyè tí ó ń jẹ owó ìlú wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń bá wí wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n lè fèsì lọ́la. A mọ ẹni tí ó gbẹ́ igi náà àti ẹni tí ó gbé e rù. Ìlú ni ó bí ẹni tí ó ń kọ́ ìlú.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn, bí a bá ti parí ìwé Clarke, iṣẹ́ kan ni mo ń fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n sọ ìtàn òkúta dúdú náà ní ilé, ní èdè Yorùbá, fún ẹnìkan tí kò mọ̀wé, kí wọ́n sì kọ ohun tí ẹni náà bá sọ wá ní èdè Faransé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ráhùn pé kò sí ọ̀rọ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ ti wà. Ọdẹ kan béèrè pé kí ni ohun náà ń jẹ. Bàbá kan ní bí ó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí kò fi òjò kọ́ wọn, kí ó tó fi egungun kọ́ wọn. Ọmọ ìyá alákàsà ni ó kà kẹ́yìn. Ó ní ìyá òun gbọ́ ìtàn náà dé òpin, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo: “Nígbà tó dé, ṣé ó kí wọn?”

Kíláàsì dákẹ́. Mo kọ gbólóhùn náà sára pátákó ní èdè méjèèjì, a sì fi wákàtí kan jíròrò lórí rẹ̀. Èmi kò rí olùṣelámèyítọ́ ìwé tí ó fi ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ dé ibi tí ó dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọlé láìsọ ohun tí ó kọ́, ní èdè tí ilé gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sí, kí ẹ jọ wá a. Ìmọ̀ tí kò lè kí ìyá ọmọ kò tí ì wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ó ṣì wà.